Ìwé ọmọ sọ ọ̀tọ̀, ìwé bàbá sọ ọ̀tọ̀: ta ni kí a gbà gbọ́ lórí iṣẹ́ tó wu ọmọ?

Ìyá kan béèrè pé: "Ọmọkùnrin mi pé ọdún 14, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1. Olùdámọ̀ràn ilé ìwé wọn ní kó ṣe ìdánwò irú iṣẹ́ tó wù ú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè 60 ni. Èsì rẹ̀ rèé: S 33, A 31, E 22, I 19, R 14, C 12. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, ó ní ẹnjiníà ni ọmọ òun. Òun náà jókòó, ó dáhùn ìbéèrè kan náà lórúkọ ọmọ, ó sì gba I 34, R 32, S 20, E 18, C 15, A 12. Kí ariwo lè rọlẹ̀, mo ro méjèèjì pọ̀, mo pín in sí méjì. Ṣé ohun tí mo ṣe dára? Ta ni kí a tẹ̀lé? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilé ìwé fún wa láti yan sáyẹ́ǹsì tàbí àáàtì."

Ẹ kọ́kọ́ fa ilà pa pípín sí méjì yẹn. Bí a bá pín in, S á di 26.5, I náà á di 26.5, R á di 23, A 21.5, E 20, C 13.5. Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ ní iṣẹ́ ènìyàn àti iṣẹ́ ọnà ló wu òun. Bàbá ní ìwádìí àti iṣẹ́ ọwọ́ ló wù ú. Èsì àpapọ̀ wá ń sọ pé gbogbo nǹkan wù ú níwọ̀nba, kò sì sí èyí tó wù ú jù. Lórí ìwé ọmọ, máàkì 21 ló wà láàrin èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù. Lórí ìwé bàbá, 22. Lórí ìwé tí ẹ dà pọ̀, 13 péré ló kù. Ọmọ tí ìwé kẹta yẹn ń júwe kò sí nínú ilé yín. Ẹni méjì tí wọn ò gbà fún ara wọn ni ẹ fi ìṣirò pa lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí wọn ò ti gbà fún ara wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí lẹ́tà wọ̀nyẹn jẹ́. Ọ̀dọ̀ John Holland ni wọ́n ti wá, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà tó gbé èrò rẹ̀ jáde ní 1959. R ni iṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ àti irinṣẹ́ ṣe: ẹ̀rọ, ilé kíkọ́, oko, ẹranko. I ni ìwádìí, iṣẹ́ ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló fa èyí, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́. A ni ọnà: orin, ìtàn kíkọ, àwòrán, eré. S ni iṣẹ́ tó dá lórí ènìyàn: kíkọ́ni, ìtọ́jú, ìmọ̀ràn. E ni ìdarí àti òwò, kí a tajà, kí a yí èèyàn lọ́kàn padà, kí a ṣe ọ̀gá. C ni ètò àti àkọsílẹ̀: ìṣirò owó, fáìlì, ìwé tí kò gbọdọ̀ ní àṣìṣe. Ẹ fojú inú wo ẹni mẹ́fà tó jókòó yí abọ́ àmàlà ká, R, I, A, S, E, C. Àwọn tó jókòó ti ara wọn jọra. Àwọn tó kọjú sí ara wọn ló jìnnà jù: R kọjú sí S, I kọjú sí E, A kọjú sí C. S àti A tí ọmọ yín mú sún mọ́ ara wọn. I àti R tí bàbá mú náà sún mọ́ ara wọn. Èyí fi hàn pé kò sí ẹni tó kàn ń tẹ ìdáhùn bó ṣe rí nínú àwọn méjèèjì. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ́n inú tirẹ̀.

Ìdánwò oníbèérè 60 tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní mẹ́wàá, ó jọ O*NET Interest Profiler, ti iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ìdáhùn márùn-ún ló ní, láti "kò wù mí rárá" tó jẹ́ 0, títí dé "ó wù mí gan-an" tó jẹ́ 4, nítorí náà 40 ni ó pọ̀ jù tí lẹ́tà kan lè gbà. Àwọn olùdámọ̀ràn kan ní Nàìjíríà máa ń lo ti Ọ̀jọ̀gbọ́n C. G. M. Bakare ti Yunifásítì Ìbàdàn, ti 1977. Bí ti ilé ìwé yín bá ní in lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe ìyẹn pẹ̀lú, torí ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ má sọ pé S borí A lórí ìwé ọmọ. Bí ìdáhùn mẹ́ta péré nínú A bá sún sókè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, A á di 34, á kọjá S. Nínú ìdánwò mìíràn tí Holland fúnra rẹ̀ ṣe, tí máàkì rẹ̀ ń lọ dé 50, ó ní bí àlàfo kò bá tó 8, kí a má kà á sí. Lórí ìwọ̀n 40 yìí, èmi á ní bí kò bá tó 5, ọgbọọgba ni. Torí náà, ìpele mẹ́ta ni ìwé ọmọ yín ní: S àti A lókè, E àti I láàrin, R àti C nísàlẹ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele àárín yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. "Kò dá mi lójú" ni ìdáhùn tó wà láàrin, máàkì 2 ló sì ń fúnni. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ kan, tó wá tẹ "kò dá mi lójú" nígbà mẹ́wàá, á gba 20 gbáko. Ẹni tó wo èsì á ní ó fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò fẹ́ràn rẹ̀, kò kórìíra rẹ̀, kò kàn mọ̀ ọ́n ni. I 19 ti ọmọ yín lè jẹ́ 2 mẹ́sàn-án àti 1 kan ṣoṣo. Ó sì lè jẹ́ 4 mẹ́rin, 3 kan, àti 0 márùn-ún. Òdo ń bẹ nínú èkejì, síbẹ̀ ọmọ tó ní in ti rí apá ìwádìí kan tó wù ú dọ́kàn, ti àkọ́kọ́ kò sì tíì rí nǹkan kan. Máàkì kan náà, ọmọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àpapọ̀ kò lè sọ èyí fún yín. Kí ọmọ tún un ṣe, kó kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sórí bébà bó ṣe ń lọ, 0 dé 4, kí ẹ lè rí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

R 14 náà ní àrùn tirẹ̀. Lára ìbéèrè R ni kíkan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, títo bíríkì tàbí táìlì, wíwa ọkọ̀ láti kó ẹrù lọ sí ọ́fíìsì àti ilé àwọn èèyàn, àti pípa iná tó ń jó igbó. Ìtọ́ni ìdánwò náà sọ ọ́ kedere pé kí èèyàn má ro iye owó tó wà níbẹ̀, kó má sì ro bóyá òun kàwé tó fún un. Ṣùgbọ́n ta ní lè sọ pé kí ọmọ wa gbàgbé ohun tó ti ń gbọ́ látìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, pé bí kò bá kàwé, bíríkìlà ló máa ṣe? Á rí bíríkì, á tẹ 0. Ìtìjú ló fi dáhùn, kì í ṣe ìfẹ́ inú. Ti iná igbó ńkọ́? Kò rí i rí. Kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ "ẹnjiníà" ti jẹ yọ nínú gbogbo ohun tó ń kà yìí, nítorí náà R tó kéré kò tíì já bàbá rẹ̀ nírọ́.

Ọ̀nà àtiyẹ̀ ẹ́ wò kò le. Ẹ mú ìbéèrè R àti I nìkan tó fún ní 0 tàbí 1. Ẹ bi í léèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí bàbá má sí níbẹ̀: "Kí ló dé tí èyí kò fi wù ẹ́?" Bó bá ní "ó máa ń sú mi", "n kò fẹ́ kí nǹkan yẹn dí mi lọ́wọ́ láti wà pẹ̀lú èèyàn", ìyẹn jẹ́ àìfẹ́ gidi. Bó bá ní "iṣẹ́ tálákà ni", "ẹ̀yin ò ní gbà", "n kò mọ ohun tó jẹ́", ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì bá ti tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá lórí lẹ́tà kan, ẹ fi àmì ìbéèrè sí iwájú lẹ́tà náà, kí ẹ má fi ṣe ìpinnu. Ẹ tún béèrè ìṣẹ́jú tó lò nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó parí ìbéèrè 60 ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kò ka gbogbo rẹ̀.

Ó yá, ìwé bàbá. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni, nítorí náà kò burú láti jẹ́ kí ẹlòmíràn dáhùn lórí ọmọ. Margaret Nauta ṣe ìwádìí lórí èyí gan-an ní 2012: ohun tí èèyàn sọ nípa irú iṣẹ́ tó wù ú àti ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ nípa rẹ̀ bá ara wọn mu gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í dọ́gba. Simine Vazire náà fi hàn ní 2010 pé ohun tó wà nínú, tí ojú kò rí, irú bí ìpayà, ẹni tó ni ín ló mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lè mú ìyìn tàbí ẹ̀tẹ́ wá, irú bí bí ọpọlọ ṣe jí tó, àwọn ẹlòmíràn máa ń rí i ju ẹni náà lọ. Ìfẹ́ sí iṣẹ́ ní ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Bó ṣe wu ọmọ tó, inú rẹ̀ ló wà. Ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, gbogbo ilé ló ń rí i.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bàbá lè fi nǹkan mìíràn dáhùn láìmọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kó fi ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe rọ́pò ohun tó wù ú. Ọmọ ń gba 85 nínú ìṣirò, bàbá bá fún I ní 34. Ó lè jóòótọ́ pé ọpọlọ rẹ̀ gbé ìṣirò, kó sì jẹ́ pé ìṣirò kò wù ú. Ìdánwò tí a ń sọ yìí kò wọn ọpọlọ rárá. Káàdì ìjábọ̀ ilé ìwé ló ń ṣe ìyẹn. Èkejì ni wákàtí. Bàbá tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ló ń rí? Ọmọ tó ń tan jẹnẹrétọ̀, tó ń tún wáyà ṣe. Kò rí i níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, kò rí ohun tó ń kọ sẹ́yìn ìwé. A 12 tó fún un lè jẹ́ "n kò rí i rí" tó wọ aṣọ "kò wù ú". Ẹ̀kẹta ni pé ọkùnrin ni ọmọ náà. Ìwádìí ńlá tí Rong Su àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ní 2009 fi hàn pé, lápapọ̀, ohun èlò máa ń wu ọkùnrin ju obìnrin lọ, tí èèyàn sì máa ń wu obìnrin ju ọkùnrin lọ, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nìyẹn. Ẹni tó fi í wo ọmọ kan ṣoṣo tó ń bẹ níwájú rẹ̀ á dín S rẹ̀ kù láì tíì wo ọmọ náà.

Nítorí náà, kí bàbá tún tirẹ̀ ṣe, kí ẹ sì wá ẹni méjì mìíràn kún un, kí ó má jẹ́ bàbá nìkan. Olùkọ́ tó ti kọ́ ọ fún ó kéré tán odindi táàmù kan, bóyá láti JSS3, jẹ́ ẹnì kan. Èkejì, ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí kò fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, tí wọ́n jọ ń ṣeré. Ẹ̀yin ìyá náà lè ṣe é, àmọ́ bí ẹ ti mọ èsì méjèèjì báyìí, ojú yín kò mọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kó kọjá yín. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó rí ti ẹnì kejì kó tó parí tirẹ̀. Lókè ìwé, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: "Ohun tó wu ọmọ yìí láti ṣe ni kí ẹ dáhùn. Ẹ má dáhùn ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má dáhùn ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe." Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdáhùn kẹfà kún márùn-ún tó wà níbẹ̀: "n kò mọ̀". Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé nìyí, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí ẹni tí kò mọ̀ á fi 0 tàbí 2 dí àlàfo náà.

"N kò mọ̀" kì í gba máàkì. Bí olùkọ́ bá dáhùn ìbéèrè mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lórí A, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24, ẹ pín 24 sí mẹ́jọ, ó di 3; ẹ sọ 3 di ìlọ́po mẹ́wàá, A rẹ̀ jẹ́ 30. Bí "n kò mọ̀" bá ju mẹ́ta lọ lórí lẹ́tà kan, ẹ pa lẹ́tà náà rẹ́ lórí ìwé ẹni yẹn. Kó má yà yín lẹ́nu bí bàbá bá pàdánù A àti S lọ́nà yìí, kí I àti R rẹ̀ sì dúró. Ohun tó mọ̀ ló kù yẹn, ó sì wúlò.

Kí ẹ wá to ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì, ti ọmọ lápá òsì. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ o. Lẹ́tà kan, ẹ wo gbogbo wọn, kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn. Níbi tí ọmọ àti ẹni méjì bá ti fi lẹ́tà kan sókè, ọ̀rọ̀ ti parí lórí ìyẹn. Níbi tí ọmọ bá ti fi í sókè tí àwọn tó kù kò rí i, ẹ béèrè bóyá ó ti ní àyè láti ṣe é lójú wọn rí. Ọmọ tí ìtàn kíkọ wù, tó ń kọ ọ́ lóru sórí fóònù, ta ni yóò rí i? Ẹ gba tirẹ̀ gbọ́ títí ẹ̀rí á fi dé. Èyí tó le ni ìdàkejì rẹ̀, tí gbogbo àwọn tó kù fi lẹ́tà kan sókè, tí ọmọ nìkan fi í sísàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ I bá já sí báyìí, tí olùkọ́ àti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín náà fún un ní 28 sókè, bàbá kò purọ́. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ń ṣe é lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìwádìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bàbá nìkan ló ní 34, tí àwọn yòókù wà ní 20, ìfẹ́ bàbá ni ẹ rí lórí ìwé yẹn.

Ohun tó máa ń yanjú rẹ̀ ni kí ọmọ ṣe nǹkan náà fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fi Sátidé méjì sílẹ̀. Sátidé kan, kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù tàbí fíríìjì ṣe, kó lo wákàtí mẹ́ta. Sátidé kejì, kó ran ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́, ní ilé kéwú, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní lẹ́sìnnì àdúgbò, wákàtí mẹ́ta bákan náà. Ẹ má béèrè pé "ṣé o gbádùn rẹ̀?" torí "bẹ́ẹ̀ ni mà" ni ẹ máa gbọ́. Ẹ wo ohun tó bá wá sí ẹnu rẹ̀ láìbéèrè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ tó ti ọ̀dọ̀ atún-fóònù dé, tó ń sọ bí bátìrì ṣe ń wú àti ìdí tó fi ń wú, yàtọ̀ sí ọmọ tó ń sọ nípa obìnrin tó wá bá ọ̀gá jà lórí owó àti bí ọ̀gá ṣe fi ẹ̀rín tù ú nínú. Ibì kan náà ni wọ́n jọ lọ. Àkọ́kọ́ rí R àti I níbẹ̀; èkejì rí S àti E. Ẹ kọ gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Lórí sáyẹ́ǹsì tàbí àáàtì, ẹ rántí pé ọmọ ọdún 14 ni. Àkójọ ìwádìí tí Low àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2005 fi hàn pé láàrin ọdún 18 sí 22 ni ìfẹ́ sí iṣẹ́ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti ìgbà ọ̀dọ́ lọ. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀kùn kò ti ní pa dé kíákíá. Ẹni tí kò ṣe Físíìsì àti Kẹ́mísìrì kò lè fi UTME wọ ẹnjiníà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò ṣe Lítíréṣọ̀ náà á rí ìnira láti wọ ẹ̀kọ́ òfin. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ ènìyàn, bíi sáíkọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kì í lé ọmọ sáyẹ́ǹsì dànù, ṣùgbọ́n ẹ ṣí brochure JAMB kí ẹ wò ó fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Bí I bá ga lójú ẹni méjì yàtọ̀ sí bàbá, tí máàkì ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sì gbé e, kó wọ sáyẹ́ǹsì, kó sì wà nínú ẹgbẹ́ adẹ́bétì tàbí eré orí ìtàgé. Nọ́ọ̀sì, físíò (ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara) àti ìtọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún jẹ́ iṣẹ́ tí S àti I ti pàdé. Àwọn bàbá fẹ́ràn láti gbọ́ èyí, nítorí náà ẹ má tètè sọ ọ́ jáde. Bí I kò bá dúró lójú ẹlòmíràn, àdéhùn ìdílé lásán ni yóò jẹ́. Bí S àti A bá dúró lórí ìwé mẹ́ta nínú mẹ́rin, tí "iṣẹ́ tálákà ni" kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ìdáhùn rẹ̀ lórí R, àáàtì ni.

Ẹ kọ déètì sórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wọ́n pamọ́. Ní òpin SS1, kí ọmọ tún ṣe gbogbo rẹ̀ láìrí ti àtijọ́, kí bàbá rẹ̀ náà ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nínú yàrá mìíràn.